Ta Ló Ni Àlàpà Yìí?

"Ta ló kú níbí?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Bàbá Kékeré nìyẹn nígbà tí a dé iwájú àwọn òpó náà. Wọn ò béèrè ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, wọn ò béèrè iye tó náni. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ṣí fìlà nínú òtútù oṣù Ọ̀wàrà, wọ́n ń wo òpó tó nàró láìru òrùlé, èyí tó wà nílẹ̀ nínú koríko, àti ògiri tí orí rẹ̀ rí ṣágiṣàgi. Ojú tí èèyàn fi ń wọ agboolé olóògbé ni wọ́n fi wọ ibẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó kú níbí, Bàbá. Bí ẹ ṣe rí i yìí náà ni wọ́n ṣe kọ́ ọ."

Wọ́n yíjú sí mi. "Wọ́n kọ́ àlàpà?"

"Wọ́n kọ́ àlàpà, sà."

Wọn ò rẹ́rìn-ín, wọn ò sì bínú. Wọ́n dé fìlà wọn padà, wọ́n wá sún mọ́ òkúta tó wà létí ọ̀nà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí orúnkún, wọ́n sì fi èékánná ọmọńdinrín tọ ibi tí òkúta méjì ti pàdé. Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà n'Ìbàdàn. Mo ti mọ ìṣe yẹn láti kékeré: tí wọ́n bá wọ ilé onílé, kí wọ́n tó jókòó, ọwọ́ wọn á ti kan ògiri.

Ibi tí mò ń sọ yìí ni Virginia Water, ní ìpẹ̀kun gúúsù ọgbà ọba tí wọ́n ń pè ní Windsor Great Park, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ojú irin láti Waterloo ló gbé wa dé ìtòsí, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Adágún odò ńlá kan wà níbẹ̀ tí àwọn èèyàn máa ń rìn yí ká pẹ̀lú ọmọ àti ajá. Adágún náà fúnra rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Duke Cumberland, ọmọ Ọba George Kejì, ló ní kí wọ́n sé omi ibẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 18, omi sì fọ́ odi ìsénú rẹ̀ lọ nígbà kan, ní 1768, kí wọ́n tó tún un ṣe. Létí adágún yìí, lápá gúúsù, ni àwókù náà wà. Ọ̀nà mọ́tò gba orí afárá kan kọjá láàárín rẹ̀, tó fi jẹ́ pé òpó wà lápá ìhín, òpó wà lápá ọ̀hún, tí èèyàn á sì gba abẹ́ afárá láti rí méjèèjì.

Mo ti ń gbé nítòsí ibẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, èmi pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mi ò sì bi ara mi léèrè ohunkóhun. Bàbá Kékeré wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kan péré ni wọ́n débẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni wọ́n sọ, oorun sì dá lójú mi.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí èèyàn fi máa ń kọ́ àlàpà. Ní ọ̀rúndún 18, ó di àṣà láàárín àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ọgbà wọn rí bí àwòrán. Wọ́n ti rìnrìn àjò dé Róòmù nígbà èwe, wọ́n ti rí àwókù ilé àwọn ọba àtijọ́ tí ewéko ń hù lára rẹ̀, wọ́n ti ra àwòrán Claude Lorrain tó kún fún irú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sílé tí wọ́n yọjú lójú fèrèsé, pápá àti màlúù nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n bá pe bíríkìlà. Ní Hagley, ní 1747, Sanderson Miller kọ́ àwókù odi olódi kan fún George Lyttelton. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ kan ló pé, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ àwọn yòókù dé ìdajì bí ẹni pé ogun ló wó wọn. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Horace Walpole lọ wò ó ní 1753, inú rẹ̀ sì dùn, ó ní ìpẹtà tòótọ́ ti ogun àwọn ìjòyè ayé àtijọ́ ló wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òótọ́, nítorí pé ara àwókù ilé àwọn mọ́ńkì kan ní Halesowen nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ lára àwọn fèrèsé tí wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n tú àlàpà gidi láti fi kọ́ àlàpà àfiṣe. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní folly, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe ìwà òmùgọ̀. Frederick Ọba Prọ́ṣíà kọ́ tirẹ̀ sórí òkè kan ní Potsdam ní 1748, ó fi bo ibi tí omi ọgbà rẹ̀ ti ń wá. Ní Vienna, ọgbà Schönbrunn ní tirẹ̀ láti 1778.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá lówó lè fi owó rẹ̀ kọ́ ohun tó wù ú sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ti Virginia Water ló gbé ọ̀rọ̀ wá, nítorí òkúta ibẹ̀ kì í ṣe òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kó o.

Nǹkan bí 130 kìlómítà sí ìlà oòrùn Trípólì, létí òkun ní Líbíà, ni ìlú Leptis Magna wà. Àwọn Fòníṣíà ló tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n fi ṣe èbúté. Oko ólífì àti epo rẹ̀ ló sọ ọ́ di ìlú olówó. Nígbà tó yá, ó bọ́ sábẹ́ Róòmù, ọmọ ìlú náà kan sì wá di ọba Róòmù: Septimius Severus, tí wọ́n bí níbẹ̀ ní ọdún 145, tó gorí oyè ní 193. Ọmọ tó là kò gbàgbé ilé. Ó kọ́ ọjà tuntun fún ìlú rẹ̀, ó kọ́ gbọ̀ngàn ìdájọ́, ó tún èbúté ṣe, ó la ọ̀nà tí òpó tò sí lọ́tùn-ún lósì. Akọ òkúta pupa wá láti Aswan ní Íjíbítì, mábù tí ìlà aláwọ̀ ewé ń sáré lára rẹ̀ bí omi wá láti Euboea ní Gíríìsì. Lẹ́yìn àwọn ọ̀rúndún díẹ̀, ìlú náà dahoro, yanrìn aṣálẹ̀ sì fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Yanrìn yẹn ló tọ́jú rẹ̀ tí kò fi rún.

Àwọn Faransé ló kọ́kọ́ kó níbẹ̀. Ní ìparí ọ̀rúndún 17, aṣojú wọn ní Trípólì, Claude Lemaire, fi ọkọ̀ ojú omi kó ọgọ́rọ̀ òpó ránṣẹ́ sí Ọba Louis Kẹrìnlá. Ìgbà tó di 1816, ó kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Hanmer Warrington ni aṣojú wọn nígbà náà. Ó lọ bá Yusuf Karamanli, páṣà tó ń jọba ní Trípólì, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kó nínú òkúta náà fún Àrẹ̀mọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń di ìjọba mú nítorí àìlera bàbá rẹ̀. Páṣà ní kò burú. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ William Henry Smyth ló lọ ṣa òkúta. Nígbà tí òun padà débẹ̀ ní 1817 láti wá kó wọn, ó bá a pé àwọn ará àdúgbò ti fọ́ púpọ̀ nínú èyí tó dára jù.

Mo ka ibi yìí ní alẹ́ ọjọ́ tí a ti ibẹ̀ dé, mo sì kà á sókè fún Bàbá Kékeré nínú pálọ̀.

"Ta ló fún wọn?" ni wọ́n bi mí.

"Páṣà ni, sà."

"Ṣé ọmọ ibẹ̀ ni páṣà?"

Mo ní Trípólì ló ń gbé, òun ló kàn ń jọba lórí gbogbo rẹ̀.

Wọ́n mi orí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Àwọn tó fọ́ ọ yẹn ni wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe."

Mi ò mọ̀ bóyá mo gbà pẹ̀lú wọn. Smyth kọ̀wé pé òmíràn nínú rẹ̀, torí àti fi ṣe ọlọ ni wọ́n ṣe fọ́ ọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ lọ ọkà. Síbẹ̀, mo mọ bí ó ṣe ń rí nígbà tí àlejò bá wá fi okùn wọn ohun tó ti wà lẹ́yìnkùlé rẹ láti ìgbà ayé baba ńlá rẹ.

Ọkọ̀ tó kó wọn ń jẹ́ Weymouth. Àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀ ṣì wà, ó sì jọ ìwé tí àwọn oníbúlọ́ọ̀kù máa ń kọ fún bíríkìlà: òpó akọ òkúta 22, òpó mábù 15, orí òpó 10, ìdí òpó 25, pátákó òkúta tí wọ́n kọ̀wé sí 5, àti àfọ́kù ère lóríṣiríṣi. Ní 1818, ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wà níbẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ. Ẹni tí wọ́n gbé e wá fún ti di Ọba George Kẹrin ní 1820. Ní 1826, ayàwòrán ilé rẹ̀, Jeffry Wyatville, ní kí wọ́n kó o lọ sí Virginia Water, ó sì tò ó sí bí a ṣe ń rí i yìí. Wọ́n pè é ní Tẹ́ńpìlì Augustus, orúkọ ọba àkọ́kọ́ ní Róòmù.

Ẹnì kan ti ní láti dúró nínú koríko yẹn kó máa yàn: èyí á nàró, èyí á wà nílẹ̀, èyí á fẹ̀yìn ti ògiri bí ẹni tó rẹ̀. Òkúta tí àwọn baba kan gbẹ́ kí ó lè ru òrùlé, a gbé e la òkun kọjá, a wá tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó lè ṣe bí ẹni pé ó ṣubú. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, ó sì ṣòro fún mi láti ṣàlàyé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ibẹ̀ lẹ́wà. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Ní ọjọ́ tí a lọ, ewé ń já bọ́ sára mábù, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ òpó kọjá, mo sì dúró wò ó.

Bàbá Kékeré kò wo oòrùn. Orí òpó ni wọ́n ń wò. Wọ́n tẹjú mọ́ ọ̀kan títí, wọ́n tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì wò ó, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì wọn ìbú rẹ̀ lójú òfuurufú, wọ́n sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ sí ìbú òpó tó wà lábẹ́ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, orí yìí kọ́ ló ni ọrùn yìí."

Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ ẹrù yẹn fún wọn lálẹ́, wọ́n ní kí n tún un kà. Òpó mélòó? Mo ní 37 lápapọ̀. Orí mélòó? Mo ní mẹ́wàá. Wọ́n fi ìka ṣírò lórí itan wọn. "Orí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n wà nílé nígbà náà."

Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn ju bí mo ṣe ronú lórí ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà lọ. Ẹni tó bá rí òpó nínú ilé rẹ̀ lè mọ ohun tó ń gbé, ìbú ilé náà, ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí, ibi tí ọba jókòó àti ibi tí tálákà dúró sí. Wyatville da òkúta ilé kan pọ̀ mọ́ ti ilé mìíràn, ojú nìkan ló fi ṣe òdiwọ̀n. Lónìí, bí ẹnì kan bá fẹ́ dá òkúta kọ̀ọ̀kan padà sí ojú ibi tó ti kúrò, yóò ṣòro gan-an. Ohun tí òkúta náà mọ̀ nípa ilé rẹ̀, a ti tú u ká.

Nítòsí ibẹ̀, lójú ọ̀nà kan náà, òpó mìíràn wà tó yàtọ̀. Igi kédárì kan ṣoṣo ni, ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 100, wọ́n gbẹ́ ẹ̀dá lórí ẹ̀dá sí i lára láti ìdí dé ténté. Láti ilẹ̀ Kánádà ni wọ́n ti gbé e wá ní 1958, láti fi ṣàjọ̀dún 100 tí British Columbia dé abẹ́ àṣẹ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ bàtà kan fún ọdún kan. Mungo Martin, olóyè àti àgbà ọ̀gbẹ́nà láàárín àwọn Kwakwaka'wakw, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni ọ̀gá tó darí iṣẹ́ náà. A mọ orúkọ rẹ̀. Bàbá Kékeré dúró pẹ́ nídìí igi yẹn, wọ́n sì ní ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ iṣẹ́. Láti ẹnu wọn, kò sí oríyìn tó ju ìyẹn lọ.

Ó mú mi rántí ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ẹ fún ààfin Ògògà. Wọ́n gbé e wá sí àfihàn ńlá kan ní Wembley ní 1924, British Museum sì fẹ́ kó máa jẹ́ tiwọn. Pàṣípààrọ̀ ni Ògògà bá wọn ṣe: wọ́n fún un ní àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ilẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Mi ò sọ pé ọjà náà dọ́gba. Mo kàn mọ̀ pé ẹni tó ni ilẹ̀kùn ló bá wọn dúnàádúrà, ẹni tó gbẹ́ ẹ ṣì wà láàyè, ó sì gbẹ́ òmíràn. Leptis kò ní ẹni kankan tó jókòó síbẹ̀ tó lè béèrè àga.

Nílé wa, bí a ṣe ń wo àlàpà yàtọ̀. Agboolé wa wà ní Òkè-Àrẹ̀mọ n'Ìbàdàn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Yàrá Ìyá Àgbà wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá yẹn náà ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìjì gbé páànù orí rẹ̀ lọ ní ọdún kan, àwọn ọmọ ti kó lọ sí ilé búlọ́ọ̀kù, kò sẹ́ni tó tètè dá a padà. Ẹ mọ iṣẹ́ òjò lára ògiri amọ̀ tí kò ní fìlà. Ohun tó kù lónìí ni ògiri kan tó ga dé èjìká mi, ojú fèrèsé kan, àti ìṣó tí wọ́n máa ń gbé àtùpà kọ́. Ìṣó yẹn ṣì wà níbẹ̀. Dúdú èéfín àtùpà ṣì wà lórí amọ̀ lókè rẹ̀, bí ìdajì àtẹ́lẹwọ́.

Ọmọdé kì í tọ̀ síbẹ̀. Tí a bá dé láti ìrìn àjò, ibẹ̀ la kọ́kọ́ ń yà. Bàbá Kékeré á dúró lójú fèrèsé, wọ́n á ní, "Ìyá, Àbẹ̀kẹ́ ti dé o," bí ẹni pé inú yàrá ni ìyá wọn jókòó sí tí wọ́n ń yan ẹ̀wà. Ìgbà kan wà tí àwọn kan nínú ẹbí ní kí a wó o, kí a fi ilẹ̀ náà kọ́ ìsọ̀, ilẹ̀ títì ni, owó wà níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìpàdé lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Kékeré tó jẹ́ pé ilé kíkọ́ ni iṣẹ́ wọn, tí wọn ì bá tilẹ̀ gba iṣẹ́ ìsọ̀ náà, àwọn ni wọ́n ní rárá.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè wọn fi jẹ́ "Ta ló kú níbí?" Àlàpà ní ẹni tó ni ín. Orúkọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ kan wà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀yọ́-Ilé tí àwọn èèyàn wa sá kúrò ní àwọn ọdún 1830, kò sí òpó mábù kankan níbẹ̀. Odi amọ̀ tó ti di ebè gígùn nínú igbó ló kù, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò, síbẹ̀ tí ọmọ Ọ̀yọ́ bá débẹ̀, ó mọ ẹni tí ó yẹ kó kí.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Bí a ṣe wọlé, Bàbá Kékeré kí gbogbo àwọn tó jókòó. Wọ́n kí wọn ní Yorùbá, wọ́n tún fi Gẹ̀ẹ́sì tiwọn kí wọn, ohùn wọn sì rinlẹ̀. Àwọn èèyàn gbójú sókè. Mo fọwọ́ kan apá wọn, mo rọra ní, "Bàbá, wọn kì í kí èèyàn nínú ọkọ̀ níbí." Wọ́n dákẹ́. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ọwọ́ lé orúnkún, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kà nípa Severus. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ láyé àtijọ́ sọ pé ohùn Áfíríkà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi darúgbó, pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Wọ́n tún ní ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin wá kí i ní Róòmù láti Leptis. Èdè Látìnì kò yọ̀ mọ́ obìnrin náà lẹ́nu, ojú ń ti ọba, ó fún un ní ẹ̀bùn púpọ̀, ó sì ní kó padà sílé.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo pa fóònù. Bàbá Kékeré ń bọ́ bàtà lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá wọn. Mo lọ kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n má bínú nítorí ti òwúrọ̀. Wọ́n ní kí ni mo ṣe? Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé wọn ò gbàgbé, nítorí wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún 208, Severus kó ogun wá sí Bìrìtéènì, ó tún odi tó wà ní àríwá ṣe, ó bá àwọn ará Kaledóníà, ilẹ̀ tí à ń pè ní Scotland lónìí, jà, ó sì kú sí York ní oṣù kejì ọdún 211. Eérú rẹ̀ ni wọ́n gbé padà sí Róòmù. Ó lé ní ẹgbẹ̀jọ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí òkúta ìlú rẹ̀ tó bá a dé ilẹ̀ yìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì kí wọn káàbọ̀ ní orúkọ rẹ̀. Orúkọ Augustus ni wọ́n fi pè é. Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń kọ pátákó tó wà níbẹ̀, orúkọ ìlú ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ sórí rẹ̀ gàdàgbà, lẹ́yìn náà ti ọmọ ìlú, kí n tó dé orí ọba tó gbé e kalẹ̀ sínú koríko.

Ohun kan ṣì wà tí mo sọ fún Bàbá Kékeré kí wọ́n tó lọ. Mẹ́ta nínú àwọn òpó tí wọ́n wọ́ dé etíkun Leptis ní ọjọ́sí tóbi jù, wọn kò gba ẹnu ọkọ̀. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ lórí yanrìn.

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀?"

"Wọ́n ṣì wà níbẹ̀, sà. Létí omi."

Wọ́n ní kí n wá fọ́tò rẹ̀. Mo wá a, mo fi hàn wọ́n. Wọ́n fi ìka méjì fẹ àwòrán náà títí ó fi di òkúta nìkan lójú fóònù, mábù aláwọ̀ ewé, omi òkun ń bọ̀ lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n padà dé Ìbàdàn, ohùn wọn wọlé sórí fóònù mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Wọ́n ní àwọn ti ra páànù. Wọn ò kọ́ nǹkan kan, wọn ò wó nǹkan kan. Igi mẹ́rin ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri Ìyá Àgbà, wọ́n gbé páànù lé e kó yọ síta lọ́tùn-ún lósì, kí òjò má lè kan amọ̀ mọ́. Páànù márùn-ún ló gbà. Wọ́n ní kí kápíńtà má fọwọ́ kan ìṣó àtùpà. Òjò ti ń rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù, wọ́n sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.